Ìwé Ítálì Tí Bàámi Fi Gé Pátánì

Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ Bàámi ló máa ń jí wa ní àdúgbò Iyaro, ní Ìbíní, kì í ṣe àkùkọ. Kí ojúmọ́ tó là tán, ó ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì wa ẹ̀rọ náà, yóò sáré títí, yóò dúró díẹ̀ láti já òwú, yóò tún sáré. Lẹ́yìn ìyẹn ni a óò gbọ́ omi tí Màámi fi ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, lẹ́yìn omi ni ìgbálẹ̀ ìyá onílé lábẹ́ igi píà. Arúgbó ọmọ Ẹdó ni ìyá onílé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yín tí ó sì dúró, ẹ ti mọ̀ pé ọmọ yín kan ti ṣe nǹkan. Yàrá mẹ́wàá ló kọjú síra wọn nínú ilé náà, méjì jẹ́ tiwa, àwa nìkan sì ni Yorùbá níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni àwọn òbí mi ti wá, Ìbíní ni wọ́n ti bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Yorùbá là ń sọ nínú yàrá. Bí a bá ti gbé aṣọ ìkélé sókè, Píjìn ni. Màámi kì í fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wa. "Ẹ tún ti gbé ẹnu ọjà wọlé," ni yóò wí. Nítorí pé àlejò ni wá, wọ́n ṣọ́ ìwà wa ju bí wọn ì bá ti ṣọ́ ọ ní Ọ̀wọ̀ lọ. Bí àwọn ọmọ ilé bá kúnlẹ̀ kí àgbà tí wọ́n sì dìde, àwa gbọ́dọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ títí wọn yóò fi ní ká dìde, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Yorùbá kò kọ́ ọmọ.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ẹ̀gbọ́n mi Fọlákẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Sísí ni mo máa ń pè é. Ó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti jókòó sílé fún ọdún méjì, ó ń fọ ewé mọ́ínmọ́ín. Màámi ló mú ìròyìn náà wálé: àwọn ìyá aláṣọ funfun kan, ti ìjọ Àgùdà, ń wá àwọn ọmọbìnrin tí wọn yóò kó lọ sí ilé ìwòsàn wọn ní Ítálì láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tí wọ́n bá máa mú gbọ́dọ̀ lè kọ díẹ̀ nínú èdè ibẹ̀. Wọn yóò ṣe ìdánwò nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró. Mùsùlùmí ni Bàámi, Màámi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàámi ní, "Ọmọ mi, lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà?" Màámi dá a lóhùn pé, "Abẹ́rẹ́ wo ló ń béèrè ẹ̀sìn kó tó gún èèyàn? Ṣé ti ìdí ẹ̀rọ yín yẹn ni?" Bàámi rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kò rìn bí ẹni tó ń gbé Iyaro mọ́. Ó ń fọ abọ́, yóò dúró, ọwọ́ rẹ̀ yóò wà nínú omi, kò ní mọ̀ pé a ń pe òun.

Olùkọ́ kò jìnnà. Itohan, ọmọ ìyá onílé, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ítálì lẹ́yìn ọdún méje tó fi ń tọ́jú ilé àti ara ìyá arúgbó kan níbẹ̀. Òun ló ń gbé yàrá iwájú, yàrá tó ní fíríìjì. Anti Itohan ni gbogbo wa ń pè é. Ó gbà láti kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, Bàámi yóò sì máa rán aṣọ fún un. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, nítòsí ẹ̀rọ, níbi tí èmi náà ti ń ṣe iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ mi ni láti máa fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún Bàámi, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kí n sì máa já òwú tó ṣẹ́kù kúrò lára aṣọ tó bá ti rán tán. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbọ́ ẹ̀kọ́ tí wọn kò kọ́ mi. Anti Itohan kò lo ìwé. Ó ń sọ, ẹ̀gbọ́n mi ń tún un sọ, ó sì ń kọ ọ́ bí ó ti gbọ́ ọ. Orúkọ nǹkan kò ṣòro fún un: búrẹ́dì, ilé, omi, ọmọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń wà láàárín, tí àwọn tó kàwé ń pè ní ọ̀rọ̀ atọ́kùn, ni wọ́n ń dà á láàmú. Nígbà wo lèèyàn ń sọ "a", nígbà wo ni "in", nígbà wo ni "da"? Anti Itohan kò fẹ́ kí ó máa ronú jù. "Put 'a'," ni yóò wí. "Anywhere wey you dey go, put 'a'. Dem go hear you." Ẹ̀gbọ́n mi a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ó ń lọ "a Roma", ó ń lọ "a Italia", ó ń lọ "a dottore".

Bàámi kì í ra pépà tuntun láti fi gé pátánì, àwòṣe tó ń tẹ́ sórí aṣọ kó tó gé e. Ó ń ra pépà àlòkù ní òkìtì lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní New Benin: ìwé ìròyìn, ìwé ilé ẹ̀kọ́, ohunkóhun tó bá fẹ̀. Nínú òkìtì kan ni mo ti rí ìwé kan tí kò ní èèpo. Èdè Ítálì ló wà ní apá kan ojú ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ní apá kejì. Mo fi pamọ́ sábẹ́ àpótí tí mo ń jókòó lé, mo sì ń kà á bí Bàámi bá lọ kírun. Ojú ìwé mẹ́fà ló wà fún àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké náà nìkan. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìlú ń gba "a", ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè ń gba "in": "a Roma", "in Italia". Ilé ń gba "a", ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìdáná ń gba "in", wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ èèyàn lo ń lọ, "da" ni, tí "da" bá sì pàdé ọ̀rọ̀ bíi dókítà, yóò lẹ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, yóò di "dal dottore". "Da" yìí kan náà ni wọ́n tún fi ń sọ ibi tí èèyàn ti ń bọ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo rò pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣì ni. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan yóò ṣe máa lọ, tí yóò tún máa bọ̀? Lọ́dọ̀ tiwa, "ní" kan ṣoṣo ni a fi ń gbé ohun gbogbo: ó wà nílé, ó wà lórí tábìlì, ó wà lọ́dọ̀ dókítà. Mi ò bá a jà. Mo há a bí mo ṣe há àwọn nǹkan Bàámi sórí, tí mo mọ bọ́tìnnì tó jẹ́ ti ẹ̀wù àti èyí tó jẹ́ ti ṣòkòtò láìbéèrè ìdí. Tí mo bá ń gbọ́n omi, mo ń sọ ọ́ sínú. Tí mo bá ń lọ ata lórí ọlọ, mo ń sọ ọ́ sínú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Anti Itohan ní kí ẹ̀gbọ́n mi sọ bí yóò ti ṣe bí ó bá dé ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n mi nà ró, ó ní òun ń lọ "a Italia", òun ń lọ "a dottore". Òwú wà lẹ́nu mi, mo ń fi itọ́ ṣe é ṣóńṣó. Mo yọ ọ́. Mo ní, "Sísí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. 'In Italia' ni. 'Dal dottore' ni." Ẹ̀rọ Bàámi dúró. Anti Itohan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "See this small pikin. You don reach Italy before?" Bí mo bá ti dákẹ́ níbẹ̀, ẹ̀rín náà ni ì bá parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo yọ ìwé jáde lábẹ́ àpótí, mo ṣí i, mo fi ìka sí ibẹ̀, mo sì gbé e síwájú rẹ̀. Ó wo ojú ìwé náà, ó wò ó pẹ́. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà, mi ò mọ̀ nígbà náà. Ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀. "Make una find teacher wey sabi book," ló wí, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Bàámi kò pariwo. Ó ní, "Bọ́sẹ̀, kúnlẹ̀." Mo kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló di ọwọ́ mi méjèèjì mú tó gbé wọn sókè. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà Anti Itohan, òun náà kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Anti, abeg, no vex. She no know anything." Kò mọ nǹkan kan. Màámi jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ẹ̀wà lílọ̀. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wò mí. "Ká tiẹ̀ ní òótọ́ lo sọ," ló wí, "ilé ta lo wà?" Bàámi ti padà sí ìdí ẹ̀rọ. Láìgbójú sókè, ó ní, "Lẹ́nu àgbà ni obì ti ń gbó." Mo wà níbẹ̀ títí mọ́ínmọ́ín fi jinná. Òwe kan tún wà tí Bàámi máa ń pa bí mo bá bá a rí abẹ́rẹ́ tó sọnù: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kò pa á lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kíyè sí i pé òwe kò ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà wa. Wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń mú àti èyí tí wọ́n ń fi sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàámi ní kí n gbé ìwé náà wá. Ó tú u ká, ó tẹ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì, ó sì ní kí n bá òun di etí rẹ̀ mú kí ó má yẹ̀. Sísọ́ọ̀sì rẹ̀ wúwo, ó mú, kì í gé lẹ́ẹ̀mejì. Ó gé kọ́là, ó gé àpò ẹ̀wù. "Pépà ni mo rà," ló wí fún mi, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, "mi ò ra ìwé." Ojú ìwé "da" di pátánì àpò. Anti Itohan gba ẹ̀bẹ̀, ó padà wá jókòó, ẹ̀kọ́ sì ń lọ. "A" níhìn-ín, "a" lọ́hùn-ún. Mo fi òwú sí abẹ́rẹ́, mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi kò wojú mi fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí, ó dà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi ò gbàgbé. Ọwọ́ ló dùn mí díẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni "kò mọ nǹkan kan".

Ní Ìbíní níbẹ̀, omi ilẹ̀ jìn, kò sí kànga. Òjò ni a ń gbè sínú tánkì tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, a ó sì máa fa omi rẹ̀ jáde ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí tánkì náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbé garawa tirẹ̀ kalẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn.

"Bọ́sẹ̀."

"Ẹ̀n, Sísí."

"Ohun tó o sọ níjọ́sí. Ti dókítà yẹn. Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ń sọ okùn sílẹ̀. Mo gbọ́ tí garawa mi kan omi.

"Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan," ló wí. "Èmi náà ń rò ó. Àwọn kan tí a jọ fẹ́ ṣe ìdánwò náà, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Sọ fún mi, jọ̀ọ́. Kí ni kí n kọ?"

Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Ì bá máà gbà ju ìgbà tí omi fi ń kún garawa méjì lọ. Mo ní, "Ohun tí Anti bá sọ náà ni, Sísí. Lẹ́nu àgbà ni obì ti ń gbó."

Ó wò mí. "O ṣì ń bínú."

"Mi ò bínú. Èmi ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Mo rò pé yóò gbá mi létí, ì bá sì dára bí ó bá gbá mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé garawa rẹ̀ tó ṣófo, ó sì lọ. Mo ti tún ọjọ́ náà rò lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọmọdé kò mọ ohun tó ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mú ọ̀rọ̀ Bàámi àti ọ̀rọ̀ tirẹ̀, mo rán wọn pọ̀ fún un, kò fẹ̀ jù, kò há jù. Kò sí àgbà kan tó lè bá mi wí, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ mi náà ni mo ṣe.

Bàámi rán aṣọ aró kan fún un láti wọ̀ lọ síbi ìdánwò, aṣọ tó dára jù tí mo tíì rí tó rán. Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní kí kálukú kọ nípa ilé rẹ̀, bí yóò ṣe rin ìrìn àjò náà, àti ibi tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Ó dé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní òun kún ojú ìwé méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n pè wọ́n. Ìyá aláṣọ funfun tó dàgbà jù bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: ó ń gbọ́, ó ń sọ, ṣùgbọ́n kò tíì lè kọ, kí ó padà wá bí àwọn bá tún dé. Wọn kò tún dé. Ó mú ìwé ìdánwò náà bọ̀, ó gbé e sórí tábìlì ìránṣọ, ó sì lọ bọ́ aṣọ aró náà. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù pupa yí àwọn àṣìṣe rẹ̀ po. Mo kà wọ́n. Mẹ́rìnlá ni, mọ́kànlá nínú rẹ̀ jẹ́ "a". Bàámi fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó yí pépà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Kí ni wọ́n yí po báyìí?" ló béèrè. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó sì pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Ẹ̀rọ kò sọ̀rọ̀ mọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Màámi ní kò sí nínú kádàrá rẹ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́, Anti Itohan fúnra rẹ̀ gbé abọ́ ọbẹ̀ dúdú àwọn Ẹdó wá fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Me, na so I dey talk am there," ló wí. "Dem dey hear me." Òótọ́ ló sọ. Ọdún méje ló fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìyá arúgbó tó ń tọ́jú, wọ́n sì gbọ́ra wọn yé. Kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Nínú gbogbo ilé náà, èmi nìkan ni mo mọ̀ tí mo sì dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ ń fọ aṣọ ìtẹ́lé bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA. Ọdún mẹ́fà ló ṣe é, títí omi ọṣẹ fi bó ọwọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ ará Ọ̀wọ̀ kan, ó sì bá a lọ sí ìlú tí wọn kò bí i sí, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní ará Ìbíní. Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ Ítálì rí. Bí a bá rí ara wa ní ọdún, ó ń bi mí léèrè ọjà àti ọmọ, mo ń bi í léèrè orúnkún tó ń dùn ún. Èmi náà kò ju ilé ẹ̀kọ́ girama lọ. Mo gba ìdí ẹ̀rọ lọ́wọ́ Bàámi. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní New Benin títí di òní. Nígbà tí Bàámi kú, mo tú àpò pátánì rẹ̀ wò, mo sì rí pátánì àpò ẹ̀wù tó gé lára ìwé náà níbẹ̀, etí rẹ̀ ti gbó nítorí ṣọ́ọ̀kì, "dal dottore" ṣì hàn lára rẹ̀ kedere. Mo ṣì ń fi gé àpò. Ó bá ẹ̀wù ọkùnrin mu dáadáa.

Tóbi, àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, ló ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí. Ó ti di nọ́ọ̀sì, níbí yìí ló ti kọ́ ọ, ó wá ń kọ́ èdè Ítálì lórí fóònù nítorí iṣẹ́ kan ní ilé ìwòsàn kan lọ́hùn-ún. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí o bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Píjìn ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ó jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń kùn. "Anti, this 'da' go kill me. E dey go, e dey come." Mò ń fi àpò sí ẹ̀wù, mi ò gbójú sókè. Mo ní, "Bí ó bá jẹ́ èèyàn lo ń lọ bá, 'da' ni. Ìlú, 'a'. Orílẹ̀-èdè, 'in'. Má béèrè ìdí." Ó ka ìbéèrè mìíràn, mo dáhùn. Ó ka òmíràn. "Anti, who teach you?" Mo ní ìwé kan ni mo rí. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti pe ìyá rẹ̀, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Mummy, you hear? Anti Bọ́sẹ̀ sabi this Italian pass our teacher."

Mo gbọ́ odó tí ẹnì kan ń gún lẹ́yìn rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀.

"Mo mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"You know? Since when?"

"Láti ìdí tánkì."

"Which tank?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ó gbé fóònù fún mi. Mo gbé e sétí. Mo ní, "Ẹ̀n, Sísí," bí mo ṣe máa ń wí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá.

"Bọ́sẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì le. "Ohun tó bá bi ọ́, sọ ọ́ fún un. Má fi du òun náà."

Ó sì gé fóònù.